Ògiri Iṣan Ló Wú, Kì í Ṣe Ẹ̀jẹ̀ Ló Dọ̀tí

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni aláró kan wá sọ́dọ̀ wa ní ọsibítù, níbí ní Òṣogbo. Ẹni ọdún 29 ni. Aró ti wọ ìdí èékánná rẹ̀ débi pé ọṣẹ kankan kò lè ṣí i mọ́. Ó ní tí òun bá ti yọ aṣọ nínú ìkòkò aró, tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, apá òsì òun á kọ́kọ́ rọ, á wá máa ro òun wọ egungun, àfi kí òun gbé aṣọ sílẹ̀. Tí òun bá sinmi díẹ̀, á lọ. Òòyì tún ń kọ́ ọ, ó ti rù, ara rẹ̀ sì ń gbóná lálaalẹ́. Wọ́n ti sọ fún un pé làkúrègbé ni. Ìyá tó ń ta àgbo fún un ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dọ̀tí, oṣù márùn-ún gbáko ló sì fi mu àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀.

Mo di aṣọ ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá òsì rẹ̀. 88 lórí 60. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ǹ bá ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, kó lọ máa jẹun dáadáa.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ọwọ́ ọ̀tún náà."

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà nínú méjèèjì ni?"

Ọ̀tún gbé 164 lórí 100 wá. Mo tún wọn òsì, mo tún wọn ọ̀tún, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n wà. Mo fi ìka mẹ́ta wá ibi tí iṣan ti máa ń lù ní ọrùn ọwọ́ òsì. Mi ò bá nǹkan kan. Ọwọ́ náà tutù ju èkejì lọ, obìnrin náà ń wò mí lójú, ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè rẹ̀ yẹn, mi ò gbàgbé ẹ̀ títí dòní, nítorí inú ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ àìsàn yìí wà. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ọ̀nà tó ń gbà ni kò rí bákan náà mọ́. Àìsàn tó ń ṣe é kò sí nínú ẹ̀jẹ̀, ara ògiri iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri ló wà. Àwọn dókítà ń pè é ní vasculitis. Ẹni tó bá ní i, tàbí tí ará ilé rẹ̀ ní i, kó di ọ̀rọ̀ ògiri yìí mú. Ohun púpọ̀ tó ń rú u lójú máa yé e: ìdí tí àgbo kò fi ràn án, ìdí tí ẹ̀rọ fi ń ṣini lọ́nà, ìdí tí wọn ò fi ní jẹ́ kó jáwọ́ nínú oògùn nígbà tí ara ti yá.

Iṣan ńlá kan jáde látinú ọkàn, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò. Ó ya ẹ̀ka sí ọrùn àti orí, sí apá méjèèjì, sí kíndìnrín, sí ìfun, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Àwọn ẹ̀ka yẹn á máa pín títí wọ́n á fi tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ògiri iṣan kò dà bíi páìpù omi ẹ̀rọ tó jẹ́ rọ́bà lásán. Ẹran ara tó wà láàyè ni, ìpele mẹ́ta ló ní, ó ń fẹ̀, ó sì ń sún kì. Ohun tó bá wà láàyè lè ṣàìsàn. Ó lè wú kó sì gbóná, bí ìka tí ẹ̀gún gún ṣe máa ń wú.

Ẹ rántí ilé alámọ̀ àtijọ́, tí yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín kọjá. Bí ògiri méjèèjì bá mu omi, tí wọ́n wú wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, èèyàn á kọ́kọ́ máa fẹ̀gbẹ́ kọjá. Tó bá yá, ẹnikẹ́ni ò ní lè kọjá mọ́. Ẹni tó wà ní yàrá ìparí ni ebi máa pa. Apá òsì aláró ni yàrá ìparí yẹn. Tó bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó ń fẹ̀gbẹ́ kọjá tó apá náà lò. Tó bá ń fún aṣọ, ẹran apá ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò rí gbà, ó wá ń ké. Nígbà míì sì rèé, ògiri ò ní wú sínú. Ńṣe ló máa rọ̀ tí á yọ ikùn síta, ewu ibẹ̀ sì ni pé ó lè bẹ́.

Kí ló mú ògiri wú? Ara wa ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń bá kòkòrò àìsàn jà. Nínú àìsàn yìí, ẹ̀ṣọ́ ló ṣìwà hù. Ó dà bí ọdẹ tí àdúgbò ń dáwó fún lóṣooṣù pé kó máa lé olè, tó wá kọjú ìbọn sí ògiri onílé. Inú obì ni kòkòrò tó ń jẹ obì wà. Nígbà míì, a máa ń rí ohun tó tọ́ ọ: kòkòrò mẹ́dọ̀wú B lè fa oríṣi kan, àwọn oògùn kan lè fa òmíràn, àwọn tó ń fa sìgá sì ni èyí tí wọ́n ń pè ní Buerger sábà máa ń mú, tó ń pa ìka ẹsẹ̀ àti ìka ọwọ́ kú. Nínú èyí tó pọ̀ jù, kò sí ohun kan tí a lè nawọ́ sí pé òun ló fà á.

Kì í ràn. Ẹ lè jọ jẹun nínú abọ́ kan, ẹ lè jọ sùn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí mo ti rí ìyàwó ilé tí àwọn àna rẹ̀ ya ṣíbí àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀, ó dun mí ju àìsàn tó ń ṣe é lọ. Àgbo tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ká tiẹ̀ gbà pé ó ń fọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ṣe nǹkan kan. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà létí omi Ọ̀ṣun, ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó gbà á. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kó má ṣe fi ohun tí kò mọ ewé àti egbò tó wà nínú rẹ̀ dí kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ tó ti ń ru ẹrù oògùn lọ́wọ́. Wọ́n sì ti bá dexamethasone, oògùn òyìnbó líle kan tó ń mú wíwú rọlẹ̀, nínú àwọn àgbo kan rí, tí wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ ọn láìsọ fún ẹni tó ń rà á.

Vasculitis pọ̀ lóríṣi, ohun tí wọ́n sì fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ jù ni bí iṣan tó mú ṣe tóbi tó. Ti iṣan ńlá ló mú aláró wa, Takayasu ni orúkọ rẹ̀. Dókítà ojú ni Mikito Takayasu, ọmọ Japan, òun ló ṣàlàyé ohun tó rí nínú ojú obìnrin ọ̀dọ́ kan lọ́dún 1908. Àwọn obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ló ń mú jù, ó sì lè fi ọ̀pọ̀ ọdún fara pa mọ́ sábẹ́ ibà, àárẹ̀ àti ara ríro kí ẹnikẹ́ni tó wá iṣan tó yẹ kó lù tí kò sì rí i.

Èyí tó ń mú iṣan kéékèèké máa ń yọ sí awọ ẹsẹ̀. Wọ́n ní ó máa ń pọ́n, àmọ́ lára àwa adúláwọ̀, àmì dúdú lásán ló lè jọ. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, tí kò bá parẹ́ lábẹ́ ìka, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i. Irú èyí lè mú kíndìnrín láìsí ìrora kankan, ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n máa tọ̀ sínú ìgò kí a yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkigbà tí wọ́n bá wá. Ti ọmọdé wà pẹ̀lú, Kawasaki, tí wọ́n fi orúkọ dókítà Japan mìíràn pè, Tomisaku Kawasaki, ẹni tó kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1967. Ọmọ tí ibà líle ti ń ṣe fún ọjọ́ márùn-ún, tí oògùn ibà kò ràn, tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n, tí ètè rẹ̀ pọ́n tó sì ń sán, ẹ má pè é ní ibà ẹ̀fọn mọ́. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ọmọdé kíá, torí iṣan ọkàn ló lè mú, ìtọ́jú tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ló sì ń gba ọkàn náà sílẹ̀. Ti àgbàlagbà kò wọ́pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n àgbà tí ẹ̀bátí ń fọ́, tí àgbọ̀n ń ro nígbà tó bá ń jẹ ẹran, tí ojú rẹ̀ wá ṣókùnkùn lójijì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ọsibítù, kó má sùn mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìnà jù. Ibi tí wọ́n di aṣọ ẹ̀rọ mọ́ nìkan ló ń wọ̀n. Bí iṣan apá yẹn bá ti dí lókè, nọ́ńbà á rẹlẹ̀, nígbà tí ọkàn, ọpọlọ àti kíndìnrín ń jìyà ẹ̀jẹ̀ tó ga gan-an. 88 tí mo rí lápá òsì, ọ̀nà tó dí ló gbé e wá. 164 ni òótọ́. Ẹni tó ní Takayasu gbọ́dọ̀ mọ apá tí wọ́n lè gbà gbọ́, kó sì máa sọ ọ́ kí wọ́n tó di aṣọ mọ́ ọn. Bí apá méjèèjì bá ti dí, itan ni wọ́n á ti wọ̀n ọ́n. Ẹnikẹ́ni tiẹ̀ lè ní kí wọ́n wọn apá òun méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Bí nọ́ńbà òkè bá fi ju 10 lọ yàtọ̀ síra, tí wọ́n tún un wọ̀n tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, kí dókítà gbọ́ sí i.

Kíndìnrín pẹ̀lú lè ṣì í mú. Bí iṣan tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ bá dí, á rò pé ẹ̀jẹ̀ ti tán ní gbogbo ara, bí onílé kan ní Òṣogbo ṣe lè máa bú àwọn olómi ní Ẹ̀dẹ pé wọn ò tú omi, tó sì jẹ́ pé páìpù ojúlé tirẹ̀ ló dí. Á wá máa pàṣẹ pé kí ẹ̀jẹ̀ máa tì sí i, ẹ̀jẹ̀ á sì ru. Nítorí èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lò. Lisinopril tó bá bàbá onílé yín lára mu lè dá kíndìnrín dúró lẹ́nu iṣẹ́ lára ẹni tí iṣan kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti há.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó lè dá sọ pé Takayasu nìyí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ méjì kan, ESR àti CRP, lè sọ pé iná ń jó nínú ilé, wọn ò lè sọ yàrá tó ń jó. Àwòrán ló ń fi yàrá hàn, bóyá èyí tí wọ́n fi ń wo ọrùn àti apá láti ìta, tàbí CT, àwòrán inú ara tí ẹ̀rọ ńlá ń yà, tí wọ́n ń fi oògùn sínú iṣan kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lè hàn. Owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré, mo mọ̀. Bí wọ́n bá kọ ìwé fún yín láti ibí lọ sí ọsibítù ńlá ní Ifẹ̀ tàbí UCH n'Íbàdàn, ẹ kó gbogbo èsì àtijọ́ sínú ọ̀rá kan, ẹ gbé e dání, kí wọ́n má bàa ní kí ẹ tún san owó ohun tí ẹ ti ṣe. Wọ́n á tún yẹ̀ yín wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, mẹ́dọ̀wú B àti HIV. Ẹ má bínú sí wọn. Oògùn tó ń bọ̀ máa rọ ẹ̀ṣọ́ ara lọ́wọ́, àìsàn tó ti ń sùn tẹ́lẹ̀ lè jí.

Oògùn tí wọ́n ń pè ní prednisolone ni wọ́n sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń yára pa iná. Kò tó oṣù kan tí ibà aláró lọ, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wá ń kún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yí roboto. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní oògùn òyìnbó ti ń wú u. Ó gbé oògùn náà jù sí àjà lọ́jọ́ yẹn, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kẹrin ni ọkọ rẹ̀ gbé e wá, ó ń bì, kò lè nàró, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, lápá ọ̀tún tí a lè gbà gbọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Orí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀yà ara kékeré kan dé sí bíi fìlà. Òun ló ń ṣe ohun kan tó jọ prednisolone fún ara lójoojúmọ́, láìsí i, èèyàn ò lè dìde. Tí a bá ń gbé oògùn mì fún ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, fìlà yẹn á rí i pé wọ́n ti ń bá òun ṣiṣẹ́ òun, á sùn lọ. Ẹni tó bá dá oògùn dúró lójijì ò ní ti oògùn mọ́, kò sì ní ti ara rẹ̀. Àtẹ̀gùn la fi ń sọ̀ kalẹ̀ nínú prednisolone: dókítà á dín in díẹ̀, á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, á tún dín in, ó lè gba oṣù púpọ̀, ó sì lè ju ọdún kan lọ. Ara yíyá kò sọ pé ògiri ti gbẹ. Bí ẹ bá ń bì tí oògùn kò dúró nínú yín, ẹ wá gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ì báà jẹ́ eyín ni wọ́n fẹ́ yọ, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ẹ ń lo prednisolone.

Mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé oògùn yìí kò ní wàhálà tirẹ̀. Ojú kíkún yẹn á máa lọ bí oògùn ṣe ń dín kù. Ṣùgbọ́n ó lè fa ìtọ̀ ṣúgà, ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, ó lè mú egungun fúyẹ́, ó lè mú kí nǹkan bí ìkùukùu bo ẹyinjú, ó lè gba oorun lọ́wọ́ èèyàn. Àárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ẹ máa lò ó. Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù, ẹ dín ohun dídùn kù. Egungun fẹ́ ẹja ṣáwá tí a jẹ tòun teegun, wàrà, ẹ̀fọ́, àti ìrìn ẹsẹ̀. Ẹ má fi oògùn ara ríro bí ibuprofen tàbí diclofenac kún un fúnra yín, ikùn lè gbọgbẹ́ kó máa ṣẹ̀jẹ̀.

Kí prednisolone lè dín kù, wọ́n lè fi oògùn mìíràn tó ń rọ ẹ̀ṣọ́ ara lọ́wọ́, azathioprine tàbí methotrexate, kún un. Lórí methotrexate, ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa: Ẹ̀Ẹ̀KAN LỌ́SẸ̀ ni. Bàbá kan lò ó lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà, torí gbogbo oògùn tó ti ń lò láyé rẹ̀, ojoojúmọ́ ni. Ẹnu rẹ̀ bó tán, kò lè gbé omi mì, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní èrìgì. Ẹ mú ọjọ́ kan. Mo máa ń fi bírò kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí: ỌJỌ́RÚ NÌKAN. Folic acid tí wọ́n fún yín mọ́ ọn, ọjọ́ mìíràn ni kí ẹ lò ó. Ọtí kò bá a mu rárá. Obìnrin tó ń lo methotrexate kò gbọ́dọ̀ lóyún, oògùn náà ń ba ọmọ inú jẹ́. Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹni tó ní Takayasu ò lè bímọ. Ọ̀pọ̀ ń bí. Kẹ́ ẹ ṣáà kọ́kọ́ bá dókítà sọ ọ́, kí wọ́n pààrọ̀ oògùn, kí iná ti rọlẹ̀ fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún títí dé ìkúnlẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí máa ń bi mí nípa ààwẹ̀. Prednisolone kan lójúmọ́ ṣeé lò nídìí sààrì, ṣùgbọ́n ẹni tí oògùn rẹ̀ ṣì pọ̀, tàbí tí ṣúgà rẹ̀ ti gòkè, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kí oṣù tó lé. Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n sì fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kí wọ́n tó fún un ní káàdì, kó sọ oògùn tó ń lò kó tó na apá. Kòkòrò tó wà láàyè ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ̀ṣọ́ ara tó ti rọwọ́ lè má kápá rẹ̀. Dókítà lè kọ ìwé ìyọ̀ǹda fún un.

Ibà lára ẹni tó ń lo àwọn oògùn wọ̀nyí kì í ṣe ibà kékeré, ẹ má dá a wò nílé. Bákan náà ni tí ẹnu bá wọ́ lójijì, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kú, tí ojú ṣókùnkùn, tí àyà ń fún, tí èèyàn ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tí ìtọ̀ pọ́n bí omi zobo tàbí tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà. Ẹ gba mọ́tò, ẹ máa bọ̀, ì báà jẹ́ òru.

Aláró wá gba oògùn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Prednisolone rẹ̀ ti dé milligram 5, ojú rẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Nọ́ọ̀sì tuntun ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó sì nawọ́ mú apá òsì rẹ̀, torí òun ló wà nítòsí. Obìnrin náà rọra fà á sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọ̀tún ni kí ẹ wọ̀n. Òsì yìí kì í sọ òótọ́."

128 lórí 78. Ó yọ ìwé kékeré kan nínú báàgì, etí ìwé náà ti mu aró, ó kọ ọ́ síbẹ̀ kó tó dìde.